Kọ́ọ̀bù Tíì Tí Ọkọ̀ Fi Lọ̀ Mí

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń yà lẹ́nu ọ̀nà mi láti ìgbà tí mo ti dé, mo kí yín o. Àwọn kan fẹ́ gbọ́ ti òtútù Kánádà, àwọn kan fẹ́ gbọ́ ti oúnjẹ wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń múra àtira ọkọ̀ sì ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń bi mí pé, "Màmá, ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ yẹn, ṣé ẹ rí i? Ṣé ó tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ fi owó kún owó?"

Mo rí i. Mo jókòó nínú rẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ó sì kù díẹ̀ kí àìgbọ́ mi mú ọmọ mi lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, mú bírò. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ohun tí ojú mi rí. Mo ti sọ fún Tóyìn pé bí mo bá pe iṣu ní uṣu, tí mo bá pe ilé ní ulé, kó kọ ọ́ bí mo ṣe pè é. Ìyókù, kó tún un ṣe bí tíṣà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

*Ìlú tí ẹnu ń rú èéfín*

Ìrìn òfúrufú gùn, n kò ní dá yín dúró lórí rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí fúnra rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìta gbá mi lójú ni mo tó mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Ẹ mú ọyẹ́ tó máa ń fẹ́ láàárọ̀ lórí òkè Ìkẹ́rẹ́, ẹ kó ogún irú rẹ̀ jọ, kò tíì tó o. Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àfi bí ẹni pé olúkúlùkù dáná sínú.

Bọ́sẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ló wá pàdé mi. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà. Òyìnbó kan tó ń ti ẹrù rẹ̀ lọ rò pé ó ṣubú ni, ó sáré wá gbé e dìde. Bọ́sẹ̀ ní òun ò ṣubú, ìyá òun lòun ń kí. Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó wá tẹ orí ba fún mi. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un. Èdè wa ò bára mu, àmọ́ ó dúró títí mo fi súre tán. Ọmọlúàbí ni.

Ojú Bọ́sẹ̀ ti wọnú. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun ti wá tààrà. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ulé kan tó wà ní ìlú kejì. Tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ó tún ń lọ síléèwé nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ tí òun àti Délé ọkọ rẹ̀ ń lò ti kú lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n wá yá ọ̀kan lò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ra òmíràn.

Ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ fún mi. "Yèyé, ẹ dùbúlẹ̀ síbí, kẹ́ ẹ sùn."

"Ta ló máa wá jókòó tì ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó tì mí o. Èmi nìkan ni mo máa ń wà á lọ, wà á bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ mi, ẹ rántí pé lọ́rì kòkó ló ń wà, láti Emùré gba Ìṣẹ́ kọjá sí Ìkẹ́rẹ́ títí dé Àkúrẹ́. Iwájú ni mo máa ń jókòó. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ibi oorun. Ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Mo máa ń bá a tàkúrọ̀sọ, mo máa ń kọrin. Bí mo bá sì rí i tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wúwo, mo máa ń ki awẹ́ obì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò ní bi mí pé kí nìdí. Á sọ ọ́ sẹ́nu, ojú rẹ̀ á sì là.

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí n kò bá a lọ, ọ̀sán gangan, lọ́rì náà kúrò lójú ọ̀nà, ó wọgbó lọ. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tún tẹ bíréèkì mọ́ títí tó fi kú. Mo ti rí ojú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà o. Ó pọ́n bí epo. Mo rí i, mo dákẹ́, torí kì í fẹ́ kí obìnrin dá ọkọ̀ òun dúró.

Nítorí náà, mo pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn dé, mo jókòó síwájú.

Ọ̀nà wọn tẹ́ bí ẹní. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fàlà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnì kankan ò sì fọn fèrè. Mo bi Bọ́sẹ̀ bóyá ṣe ni wọ́n ń yọ fèrè kúrò lára ọkọ̀ kí wọ́n tó tà á. A ò tíì rìn jìnnà tí nǹkan fi dún pín-ín, pín-ín, tí sítíárìn sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ibà dà bò. Mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan.

"Ta nìyẹn?"

"Ọkọ̀ ni, Yèyé. Ó ní mo fẹ́ gun ìlà."

"Ọkọ̀ tó lójú?"

"Ó lójú níwájú, ó lójú lẹ́yìn, ó tún ní lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ó mọ̀nà jù ọ́ lọ ni?"

"Kò mọ̀nà. Ó kàn ń bá mi ṣọ́ ọ ni."

Mo káwọ́ lérí. Àṣé irin náà lè jókòó ti awakọ̀! Kò pẹ́ sí i, àwòrán kọ́ọ̀bù kan yọ lójú gíláàsì kékeré tó wà níwájú Bọ́sẹ̀, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Kọ́ọ̀bù tíì! Inú mi dùn gan-an. Nílé wa, ṣebí àlejò kì í tíì jókòó dáadáa ká tó gbómi fún un? Mo tẹ̀ síwájú, mo dá gíláàsì náà lóhùn: "Ẹ ṣeun o. Wọ́n ti fún wa ní tíì lókè lọ́hùn-ún, inú mi kún."

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan, kọ́ọ̀bù náà lọ. Ó ní, "Wọ́n mọ àlejò í ṣe níbí, Yèyé."

Mo gbà á gbọ́. Gbogbo ìgbà tí èmi àti ẹ̀ jọ jáde lọ́sẹ̀ yẹn ni kọ́ọ̀bù náà ń yọ, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń dúpẹ́.

*Bẹ́líìtì fún uṣu*

Iyán tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi kò mọ odó rí. Inú páálí ni wọ́n ti bu ìyẹ̀fun rẹ̀ jáde, wọ́n rò ó bí ẹní ro ọkà. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta lẹ ṣẹ̀?" Délé kú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, àwàdà ò jìnnà sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà, a ra uṣu ńlá mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bó ṣe ní kí ọkọ̀ gbéra báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò dákẹ́.

"Kí ló tún fẹ́?"

"Màmá, ó ní ẹnì kan jókòó sẹ́yìn tí kò de bẹ́líìtì."

Mo bojú wẹ̀yìn. Uṣu mẹ́rin ló sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Délé sọ̀ kalẹ̀, ó fi bẹ́líìtì di uṣu mọ́ ìjókòó, ọkọ̀ sì dákẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi o. Ẹ̀rọ tí ò mọ uṣu yàtọ̀ sí ènìyàn ni ọmọ yín fẹ́ ká tìtorí rẹ̀ náwó."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ti wò. Ọ̀kan lágbára, ó mọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, àmọ́ kò lójú. Èkejì ní gbogbo ojú tí èyí tí wọ́n yá ní, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Délé fẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ló fẹ́ lọ san án.

Nídìí oúnjẹ, ó ní, "Mo wa ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìlawẹ̀ nínú òjò, iná iwájú kan ṣoṣo ló ń tàn. Ẹ̀rọ wo ló bá mi ṣọ́nà?"

Bọ́sẹ̀ ní, "O ò sọ fún Yèyé pé o kó sí kòtò."

"Kòtò ló kó sí mi!"

A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé Bọ́sẹ̀ ò bá a jiyàn bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tó máa ń bá mi fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, "ó kàn wù mí" ló ń sọ ṣáá. Délé kọjú sí mi: "Màmá, ẹ̀yin ni ìyàwó awakọ̀. Ẹ dá ẹjọ́ yìí fún wa." Mo ní kó jẹ́ kí n jẹ uṣu mi ná.

*Màgí*

Òórùn ẹ̀fọ́ wa ló mú ìyá òyìnbó ulé kejì wá. Màgí lorúkọ rẹ̀. Kò kéré sí mi lọ́jọ́ orí, bóyá ó tiẹ̀ jù mí lọ, òun nìkan ló ń gbé, òun ló sì ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Ó bi Bọ́sẹ̀ ní orúkọ mi. Bọ́sẹ̀ sọ fún un pé Ìbídùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní "Bídù! Bídù!" láti ìta. Ará ulé, láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ta ló pe orúkọ mọ́ mi lórí rí? Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Ọmọdé ló ń sọ mí dà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Màgí gbé mi jáde. Òun ló wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ o! Obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí eegun ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́po bíi tèmi. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà lójú. Nígbà tí a bá sún mọ́ ọkọ̀ iwájú, ọkọ̀ wa á rọra dẹwọ́ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ẹlẹ́ṣin kan — Tóyìn ní kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí n wí — bí ọmọ oníkẹ̀kẹ́ kan ṣe já gbà níwájú wa, Màgí ò tíì gbẹ́sẹ̀ tí ọkọ̀ fi di bíréèkì mú gírí. Bẹ́líìtì fún mi láyà mọ́ra. Ọmọ náà juwọ́ sí wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Màgí fọwọ́ pa iwájú ọkọ̀ náà lórí bí ìgbà téèyàn ń pa ajá ọdẹ lórí. Mo ní, kò sí irọ́ ńbẹ̀, òyìnbó gbọ́n.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó bo ìlà funfun ọ̀nà, ó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ níwájú. Ọkọ̀ kígbe pé òun ò ríran mọ́. Màgí dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó tú gèlè ọrùn rẹ̀, ó fi nu ojú ọkọ̀ bí ẹní nu ikun ọmọ. Nígbà tó padà wọ ọkọ̀, ó rọra ń wà á, ojú ara rẹ̀ ló sì ń lò.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ọkọ̀ Màgí kò tíì fún mi ní tíì. Mo nawọ́ sí gíláàsì kékeré níwájú rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu, mo ṣẹ́wọ́ sí i pé, tiwa dà? Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ ṣubú síwájú. Ó wá tọ́ka sí sítíárìn. Ó tún gbé kọ́ọ̀bù tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ sẹ́nu, ó la ojú kalẹ̀.

Kò sí èdè tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kì í ṣe èmi àlejò ni ọkọ̀ ń fi tíì lọ̀. Awakọ̀ ló ń tòògbé. Ọkọ̀ ní kó dúró, kó lọ sinmi, kó mu nǹkan kí ojú rẹ̀ tó là.

Òtútù tó mú mi nígbà náà kì í ṣe ti yìnyín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà ọjà. Ọmọ mi ń sùn lórí ìrìn, irin ń pariwo fún mi pé "Ìyá, ẹ fún un lóbì," èmi sì ń wí fún irin pé inú mi kún.

*Ohun tí mo wí nídìí oúnjẹ*

Mo pe Bọ́sẹ̀ sí yàrá. "Tíì yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń yọ lọ́sẹ̀?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó kúnlẹ̀. "Yèyé, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Délé gbọ́. Á ní kí n fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òru ló ń jẹ́ kí n lè lọ síléèwé lọ́sàn-án. Ó ku ọdún kan péré."

"Ìdí tó o fi fẹ́ ọkọ̀ tó lójú nìyẹn, tó ò sì lè sọ ọ́?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Bọ́sẹ̀, mo ti rí ojú tó pọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo dákẹ́. Ìwọ náà mọ bí bàbá rẹ ṣe fi ọ̀pá rìn. N kò tún ní dákẹ́ mọ́."

Nígbà tí Délé jókòó tán tó ń gé uṣu, mo ní, "Àna mi, o ní kí n dá ẹjọ́. Mo ti ṣe tán." Mo sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ń tòògbé lójú ọ̀nà. Mo sọ fún un nípa kọ́ọ̀bù náà, àti bí mo ṣe ń kí i pé ẹ ṣeun. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó?"

"N kò kà á mọ́."

Ó ti àwo uṣu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Màmá, ẹ̀rọ tó pe uṣu ní ènìyàn yẹn náà lẹ fẹ́ kí n gbé ìyàwó mi lé lọ́wọ́?"

Mo ní, "Délé, ó sàn kó pe uṣu ní ènìyàn ju kó pe ènìyàn ní uṣu lọ. Ra èyí tó lójú. Àmọ́ má ṣe gbé e lé e lọ́wọ́. Obì kì í ṣe oorun. Bàbá Bọ́sẹ̀ jẹ obì mi fún ọdún gbọọrọ, oorun tó ń sáré fún sì ń dúró dè é. Bí ọkọ̀ bá kìlọ̀ tí ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún bá tẹ̀ ẹ́ pa, owó yẹn ti ṣòfò."

Bọ́sẹ̀ dorí kodò, torí ó mọ ìka tó fi ń tẹ̀ ẹ́.

Délé lọ san owó ọkọ̀ tó lójú lọ́jọ́ Sátidé náà. Bọ́sẹ̀ fi òru méjì sílẹ̀ nínú márùn-ún, iléèwé rẹ̀ á sì fi oṣù díẹ̀ gùn sí i. Ó sunkún lé e lórí. Mo jẹ́ kó sun ún. Ọjọ́ tí wọ́n ń sìn mí lọ sí pápákọ̀, kọ́ọ̀bù náà tún yọ. Kí Bọ́sẹ̀ tó na ìka, Délé ti wí láti ẹ̀yìn pé, "Ìyáàfin, àlejò yín ń wo yín." Bọ́sẹ̀ yà síbi tí wọ́n ti ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ún tán kí Délé tó gba sítíárìn. Tíì wọn ò ní adùn o, àmọ́ n kò mu èyí tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

*Iwájú ọkọ̀*

Ìdáhùn mi nìyí, ẹ̀yin ọkùnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀. Ohun rere ni. Bí agbára yín bá ká a, ẹ rà á. Àmọ́ ojú tó ń wo ìlà, kí ni yóò wò lọ́nà Ìṣẹ́ sí Emùré, níbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò, tí kòtò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà? Yóò dà bí ti Màgí nínú yìnyín ni. Èyí tó ń di bíréèkì mú fún ọlọ́kadà àti ewúrẹ́ àti ọmọ tó ń bọ̀ níléèwé, ìyẹn á wúlò. Èyí tó ń ṣọ́ oorun, ìyẹn ni mo kan sáárá sí jù, bí ẹ bá máa gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, mo wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ nílé. Ògbólógbòó ni, kò lójú kankan, iná rẹ̀ pàápàá ń ṣẹ́jú. Awakọ̀ ní, "Màmá àgbà, ẹ lọ sẹ́yìn kẹ́ ẹ lè sùn, ẹ ti rìn jìnnà." Mo ní iwájú ni mo fẹ́. A kọjá Ìkẹ́rẹ́, oòrùn ń ràn lára òkúta Olósùnta, gbogbo èrò ẹ̀yìn ti sùn. Mo rí i tí awakọ̀ yán lẹ́ẹ̀kan. Ó yán lẹ́ẹ̀kejì. Ìpéǹpéjú rẹ̀ rọra ń wálẹ̀.

Mo ti ra obì nígaréèjì. Mo tú etí ìró mi, mo ya awẹ́ kan, mo fi kàn án lọ́wọ́.

"Kí lèyí, Màmá?"

"Kọ́ọ̀bù tíì ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. "Màmá, obì lèyí."

"Mo mọ̀. Gbà, kó o jẹ ẹ́."

Ó sọ ọ́ sẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, n kò sì dákẹ́ títí tí mo fi rí ulé.